Ẹrẹ̀ Tó Wà Lára Ọ̀gànwó Màmá Tísà

Ẹ̀yin ará ilé mi ní Ògbómọ̀ṣọ́, mo kí yín o. Ẹ máa ń bú mi pé n kì í ròyìn ìrìnàjò fún yín àfi bí mo bá wọ bàálù. Ó dáa, èyí tí mo fẹ́ ròyìn yìí kò gba bàálù. Láti Àkúrẹ́ dé Oǹdó ni, kò fi bẹ́ẹ̀ ju wákàtí kan lọ bí ọ̀nà bá gbà. Síbẹ̀, nínú gbogbo ìrìn tí mo ti rìn láyé, n kò rí èyí tó gùn tó o. Ìtìjú ni mo gbé lọ, ìtìjú náà ni mo sì gbé bọ̀.

Aago márùn-ún ìdájí Sátidé ni mo ti wẹ̀ tán nílé wa ní Ìsìkan. Ìyàwó mi jí bá mi, ó ń di búrẹ́dì ńlá méjì àti mílíìkì sínú àpò fún mi láti gbé lọ. Ó rí i pé n kò mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀.

"Bàbá Dámi, ṣé ọkọ̀ yín bàjẹ́ ni?"

"Kò bàjẹ́."

"Kí ló wá dé tí ẹ fẹ́ lọ há mọ́ èrò?"

"Mo kàn fẹ́ bẹ́ẹ̀ ni." Mo jágbe mọ́ ọn díẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò ṣẹ̀ mí. Ó ní, "Ẹ bá mi kí Màmá Tísà o. Ẹ sọ fún wọn pé àgbo tí wọ́n fi ránṣẹ́ lọ́jọ́sí ti tán." Mo ní mo gbọ́.

Ó mọ̀ pé nítorí igi Màmá tó kú ni mo ṣe ń lọ. Ohun tí n kò sọ fún un ni pé ọkọ̀ náà ni mo fi ṣe ohun tí mo ṣe. Ojú ń tì mí láti tún gbé e gúnlẹ̀ síwájú ilé ìyá yẹn. Kí n tó gbé yín wọ ọkọ̀, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ fún yín ná, kí ẹ lè mọ irú èèyàn tí ẹ jọ ń rìn.

Ẹ mọ̀ pé ìmọ̀ ewéko ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní yunifásítì níbí. Màmá Tísà jẹ́ opó kan ní Oǹdó, tísà tó ti fẹ̀yìn tì, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà tí kì í pa ìsìn jẹ. Ó ti lé ní ọdún márùndínlọ́gọ́rin. Lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ló ti kọ́ egbòogi inú igbó: ewé, egbò, èèpo igi. Kì í fi ṣe awo. Ó kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé àjákọ, pẹ̀lú ìwọ̀n rẹ̀ àti iye wákàtí tí a ó fi sè é. Bí wọ́n bá sì gbé ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná wá, ilé ìwòsàn ló kọ́kọ́ máa ń lé wọn lọ kí wọ́n lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Ó ní àgbo òun kì í bá dókítà jà. Ọdún mẹ́rin ló fi ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wa, "ọmọ mi" ló sì máa ń pè mí.

Nínú oko ẹbí ọkọ rẹ̀, ọ̀gànwó kan wà tí èèyàn mẹ́ta kò lè fọwọ́ kọ́ yíká. Ẹ̀yin náà mọ ọ̀gànwó. Èèpo rẹ̀ tó korò bí òróòro ni bàbá mi àgbà máa ń sè fún wa nígbà ibà. Nílé wa, ẹ rántí, baba á kí igi náà kí ó tó bu èèpo lára rẹ̀, ó parí. Ní ọ̀dọ̀ Màmá Tísà, òfin wọn le ju tiwa lọ. Lọ́dún yìí, èèpo tó kọjú sí ìlà oòrùn ni wọn óò bù. Lọ́dún tó ń bọ̀, èyí tó kọjú sí ìwọ̀ oòrùn. Kò gbọdọ̀ fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ. Ẹni tó bá bù ú ni yóò sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ po ẹrẹ̀, tí yóò fi dí ojú ọgbẹ́ náà. Ẹlòmíràn kì í bá èèyàn dí i. Wọ́n ní ẹni tó bá fi ẹrẹ̀ dí i ni igi mọ̀ sí ẹni tó ṣá òun.

Ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá ni mo kó akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà lọ síbẹ̀, ní Ọjọ́bọ̀ kan. Màmá Tísà ti yọ̀ǹda fún wa, àmọ́ orúnkún ń dùn ún, kò lè bá wa dé oko. Iṣẹ́ ìwádìí kan wà lọ́wọ́ mi tó ń fẹ́ èèpo púpọ̀, ọjọ́ sì ti lọ lórí rẹ̀. Mo ní kí wọ́n bó igi náà yíká. Ọmọbìnrin kan nínú wọn béèrè pé, "Sà, ṣé Màmá kò ní ká má bó o yíká ni?" Mo ní, "Ìyẹn ti àwọn àgbà. Ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ la bá wá."

Ìmọ̀ ìjìnlẹ̀! Èmi tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ ọdún kìn-ín-ní pé abẹ́ èèpo ni oúnjẹ igi ń gbà dé gbòǹgbò, pé igi tí a bá bó yíká ti kú, kó kàn má tíì wó ni. Mo mọ̀ ọ́n. Kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n jù mí lọ nínú oko yẹn. Mo jókòó sínú ọkọ̀, mo ń fi àkàrà jẹ búrẹ́dì, wọ́n sì bó o yíká láti ibi ẹsẹ̀ dé ibi tí ọwọ́ tó. Àpò ńlá méjì ló kún. Ẹrẹ̀ ẹ̀kúnwọ́ kan, a kò fi sí i. Nígbà tí a ń lọ, mo pe Màmá lórí fóònù, mo ní, "Màmá, a ti bu ìwọ̀nba. Ẹ ṣé o."

Nígbà tó di ọjọ́ Sátidé, ó fi tipátipá rìn dé oko, ó bá Akínwándé nídìí igi náà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ tí Màmá tọ́ dàgbà ni Akínwándé, òun ló ń dáko lórí ilẹ̀ náà. Àdá wà ní ìbàdí rẹ̀, ẹrẹ̀ ti dé ìgúnpá rẹ̀ méjèèjì, ó ń fi dí ara igi. Kí ni ìyá yóò rò? Ẹni tó bu èèpo ni í dí i. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ló pè mí, tó ń sunkún. "Dókítà, Akínwándé ti pa igi mi! Ó bó o yíká láti lọ tà á. O sì wá gbọ́ irọ́ ojúkojú, ó ní ìwọ àtàwọn ọmọ ilé-ìwé rẹ ni."

Ẹ̀yin ará ilé, mo ní, "Èmi kẹ̀?"

Mo tilẹ̀ tún rẹ́rìn-ín sí i. Màmá ní, "Mo mọ̀! Mo ti sọ fún un pé kó má parọ́ mọ́ ọmọ ọlọ́mọ." Ó lé Akínwándé kúrò nínú oko náà. Iṣu tó ti kọ ebè sílẹ̀ fún, kò rí i gbìn. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀, mo dákẹ́ fún oṣù mẹ́wàá. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Màmá tún pè: igi náà ti gbẹ tán, kò sí ewé kan lórí rẹ̀ mọ́, ẹbí yóò jókòó ní ọ̀sán Sátidé láti gba ilẹ̀ lọ́wọ́ Akínwándé pátápátá. Ó ní kí n wá, nítorí èmi ni mo mọ̀ nípa igi, kí n wá sọ fún wọn bí igi náà ṣe kú. Ohun tí mo ń lọ ṣe nìyẹn.

Mo gun kẹ̀kẹ́ márúwá ní ọ̀ọ́dúnrún náírà láti Ìsìkan dé ibùdókọ̀. Ọkọ̀ Oǹdó jẹ́ ẹgbẹ̀rún méjì àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà, èèyàn méjì níwájú, mẹ́rin lẹ́yìn. Níwájú ni mo wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀, èmi àti ìyá kan tó sanra tó gbé agbọ̀n tòmátì lé itan. Awakọ̀ jẹ́ ọmọ Àkúrẹ́ pọ́ńbélé. Bí tiwọn ṣe rí nìyẹn: igi lẹ̀yin ń pè é, ugi ni wọ́n ń pè é, iṣu ni tiyín, uṣu ni tiwọn. Ọdún kejìdínlógún mi rèé láàárín wọn, ó ṣì máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín kò wá lọ́jọ́ yẹn.

Ọ̀nà dára dé Apọ́nmù, lẹ́yìn ìyẹn ni kòtò bẹ̀rẹ̀. Ẹ má rò pé bí ọ̀nà ilé wa ni, tí èèyàn ń rí ìlú tó kàn lókèèrè. Níbí, igbó ló sé ọ̀tún, igbó ló sé òsì, kòkó àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti igi ńláńlá, kùrukùru sì bo gbogbo rẹ̀ ní òwúrọ̀. Nínú kùrukùru yẹn ni èròkérò kan ti wọ orí mi. Mo sọ fún ara mi pé, ṣebí kòkòrò ń pa igi? Bí mo bá dé ibẹ̀ tí mo ní kòkòrò ni, Akínwándé á bọ́, èmi náà á bọ́. Ta ni yóò já mi nírọ́? Èmi ni dókítà. Ara mi fúyẹ́ díẹ̀, mo tilẹ̀ sún kí ìyá onítòmátì lè ráyè.

A dúró ní Ọwẹ́nà. Kò sí ọkọ̀ tí kì í dúró ní Ọwẹ́nà, nítorí àwọn obìnrin tó ń tajà níbẹ̀ á ti sáré dé ojú fèrèsé kí táyà tó dúró: ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà, bọ̀ọ̀lì gbígbóná, ìgbín nínú abọ́. Obìnrin kan gbé egbòogi igbó dání, èèpo àti egbò tí a fi okùn dì. Awakọ̀ mú ìdì kan, ó gbóòórùn rẹ̀.

"Èló ni ọ̀gànwó?"

"Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀jọ."

"Ha! Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin ni mo rà á lọ́dún tó kọjá!"

"Ẹ má bínú, ọ̀gá. Ibi tí a ti ń rí i ti jìnnà. Àwọn kan ń bó o yíká, ó ń kú mọ́ wa lọ́wọ́."

Awakọ̀ sanwó, ó ju ìdì náà sórí dáṣíbọọ̀dù, iwájú mi gan-an. Bí a ṣe tún gbéra, kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà lọ. "Ẹni tó bá bó ugi yíká, olè ni," ó ní. "Ó ja ọmọ lólè, ó ja ọmọọmọ lólè. Àbí irọ́ ni mo pa, Dádì?"

"Kì í ṣe irọ́."

"Iṣẹ́ kí lẹ ń ṣe, Dádì?"

Mo lérò pé kí n ní aṣọ ni mo ń tà. Mo ní, "Mo ń kọ́ni nípa igi, ní yunifásítì."

"Ẹn-ẹ́n! Ẹ ṣeun o! Ẹ̀yin gan-an lẹ máa bá wa sọ fún àwọn oníwàkiwà yẹn!" Ó yíjú sí àwọn tó wà lẹ́yìn, ó ní kí wọ́n kí mi. Gbogbo wọn kí mi. Ìyá onítòmátì ní Ọlọ́run yóò máa ràn mí lọ́wọ́, mo sì ṣe àmín. Láti Bọ́lọ́rundúró títí a fi dé Oǹdó, n kò gbójú kúrò lára bàtà mi.

Mo fi ọ̀kadà dé ilé Màmá Tísà ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án. Ó ti ń retí mi. Mo dọ̀bálẹ̀, ó fọwọ́ kàn mí lẹ́yìn, ó ní, "Dìde, ọmọ mi, o kú ọ̀nà." Ẹ̀yin náà mọ̀ pé nílé tiwa, àlejò lè sọ ohun tó gbé e wá lẹ́yìn tó bá mu omi. Oǹdó kò gba ìyẹn. Wọn ò ní gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ bí o kò bá tíì jẹ iyán. Ìgbà méjì ni mo ní, "Màmá, ọ̀rọ̀ kan wà," ìgbà méjì náà ló ní, "Jẹun ná." Iyán funfun pẹ̀lú ẹ̀gúsí àti ẹja àrọ̀ ló gbé kalẹ̀. Ó jókòó tì mí, ó ń sọ bí òun ṣe máa ń fi mí yangàn ní ṣọ́ọ̀ṣì, pé òun ní ọmọ tó jẹ́ dókítà igi. Òkèlè kan ni mo jẹ, mo ti àwo sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo sọ fún un pé inú ń run mí, ó sì dìde láti lọ wá àgbo fún mi.

Ní ọ̀sán, a rìn lọ sí ilé olórí ẹbí, kò jìnnà. Bàbá àgbà kan ni, ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́. Wọ́n to bẹ́ǹṣì sí ìta gbangba lábẹ́ ìbòòji, àwọn ọmọ ẹbí bíi mẹ́wàá sì jókòó. Akínwándé dá jókòó sórí àpótí kékeré kan lọ́tọ̀. Ó jù mí lọ ní ọdún mélòó kan. Ẹ̀wù rẹ̀ mọ́, ó sì ti rù sí i ju bí mo ṣe mọ̀ ọ́n lọ. Bó ṣe rí mi, ó dìde.

"Ẹ káàsán, Dókítà."

"Ẹ káàsán, ẹ̀gbọ́n," mo ní.

Oǹdó ni wọ́n ń sọ láàárín ara wọn, n kò sì gbọ́ ju ìdajì lọ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ orúkọ Akínwándé, mo gbọ́ ilẹ̀, mo gbọ́ olè. Nígbà tó kan mi, Màmá Tísà yí i sí Yorùbá ilé-ìwé nítorí mi. Ó ní, "Ọmọ mi rèé. Òun ló mọ̀ nípa igi jù nínú gbogbo wa. Ẹ jẹ́ kó sọ ohun tó pa á."

Bàbá àgbà yí etí sí mi. "Dókítà, kí ló pa igi wa?"

Ẹ ò ní gbà á gbọ́, ará ilé. Kòkòrò yẹn náà ló jáde lẹ́nu mi. Mo wúkọ́, mo ní, "Ẹ̀yin àgbà, nǹkan púpọ̀ ló lè pa igi. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ kòkòrò kan tó máa ń wọ abẹ́ èèpo..."

Akínwándé kò dìde. Kò tilẹ̀ gbé ohùn sókè. Ó ní, "Dókítà, kòkòrò kì í lo àdá."

Mo wo ojú rẹ̀, kò sí ìbínú níbẹ̀. Ó rẹ̀ ẹ́ ni. Mo rí i nígbà náà pé ọkùnrin yìí ti sọ òtítọ́ rẹ̀ tán láti oṣù mẹ́wàá, wọ́n sì ti fi ìyà rẹ̀ jẹ ẹ́, kò sì retí ohunkóhun lọ́dọ̀ mi mọ́. Tèmi ti agbádá tí mo wọ̀, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú erùpẹ̀, mo dojú kọ àpótí tó jókòó lé.

"Èmi ni," mo ní. "Èmi ni mo ní kí wọ́n bó o yíká. Akínwándé kò mọ nǹkan kan níbẹ̀. Òtítọ́ ló sọ. Èmi ni mo parọ́."

N kò gbórí sókè. Mo ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń túmọ̀ rẹ̀ sí Oǹdó fún bàbá àgbà, ẹnìkan sì pòṣé. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ohùn Màmá Tísà.

"Akínwándé, ẹrẹ̀ yẹn ńkọ́?"

"Èmi ni mo dí i, Màmá. Mo dé oko ní àárọ̀, mo bá a níhòòhò. Mo rò pé bóyá yóò yè."

"O mọ̀ pé bí o bá dí i, wọ́n á ní ìwọ ni."

"Mo mọ̀. Igi náà ni mo rò."

"O sọ fún mi."

"Mo sọ fún yín, Màmá."

"N kò gbọ́." Mo gbórí sókè, mo rí i pé ìyá ti di bẹ́ǹṣì mú, ó fẹ́ fi orúnkún tó ń dùn ún yẹn kúnlẹ̀. Ìyá tó lé ní márùndínlọ́gọ́rin, fún ọmọ tó tọ́ dàgbà! Akínwándé ta dìde bí ẹni tí iná jó, ó gbá a mú lápá méjèèjì. "Màmá! Ẹ má ṣe é! Ṣé ẹ fẹ́ kí n kú ni?" Ó gbé e padà sórí bẹ́ǹṣì, àwọn méjèèjì sì ń sunkún. Èmi tí mo dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, inú erùpẹ̀ ni mo wà, kò sí ẹni tó ní kí n dìde. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀.

Màmá Tísà nu ojú rẹ̀, ó yíjú sí mi. Mo ti múra sílẹ̀ fún èébú. Ìbá sàn kó bú mi. Ó ní, "Dókítà, ọdún mẹ́tàdínlógójì ni mo fi kọ́ ọmọ. Ọmọ tó bá ṣẹ̀ tó dákẹ́, a máa ń nà án, ó parí. Ọmọ tó jẹ́ kí wọ́n na ẹlòmíràn dípò òun, n kò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe fún un." Kò pè mí ní ọmọ mi mọ́ títí mo fi kúrò.

Ẹbí dá ilẹ̀ padà fún Akínwándé lójú ẹsẹ̀. Iṣu ọdún kan tó sọnù, kò sí ẹni tó lè dá ìyẹn padà. Mo ní mo fẹ́ san nǹkan, bàbá àgbà ní kí n pa ẹnu mi mọ́ ná. Ó ní kí n bi Akínwándé ohun tó fẹ́. Akínwándé ní, "Ẹ jẹ́ ká lọ sí oko."

Àwa méjì péré ni a lọ. Ó rìn níwájú, mo tẹ̀lé e. A dé ìdí ọ̀gànwó náà. Ó dúró gbagidi, funfun bí egungun, ẹyẹ kan kò bà lé e. Ẹrẹ̀ tó fi dí i ṣì wà lára rẹ̀ yíká yíká, ó ti gbẹ, ó ti sán, mo sì rí ojú ìka ọwọ́ rẹ̀ nínú rẹ̀ láti òkè dé ilẹ̀. Odidi ọjọ́ kan ló máa ti gbà á. Mo gbé ọwọ́ lé e, mo sunkún. Ẹ̀yin ará ilé, bàbá ọmọ mẹ́ta, mo sunkún bí ọmọ ọwọ́. Ó dúró dè mí títí mo fi parí.

Lẹ́yìn náà ló mú mi sọdá odò kékeré kan, síbi tí ọ̀gànwó mìíràn wà, kékeré ni, kò tó ìdá mẹ́ta ti àkọ́kọ́. Ó ní Màmá kò ní èèpo nílé mọ́. Ó na àdá sí mi. "Ẹ bù ú. Ibi tí oòrùn ti ń yọ. Àtẹ́lẹwọ́ méjì."

Ogún ọdún ni mo ti ń kọ́ni nípa igi, n kò tíì fi ọwọ́ ara mi bu èèpo rí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló máa ń bù ú. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ wọ̀n ọ́n, mo bù ú. Mo bọ́ sí etí odò, mo po ẹrẹ̀, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Ó já bọ́. Mo tún lẹ̀ ẹ́, ó tún já bọ́. Mo wo ojú Akínwándé.

"Omi rẹ̀ pọ̀ jù," ó ní. "Ẹ wá ewé gbígbẹ, ẹ rún un mọ́ ọn."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ràn mí lọ́wọ́."

"N kò lè bá yín dí i." Ó ká ọwọ́ sẹ́yìn. Mo rún ewé gbígbẹ mọ́ ọn; lẹ́ẹ̀kẹta, ẹrẹ̀ náà dúró. Mo fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́ra títí ó fi le díẹ̀. Mo kúnlẹ̀ síbẹ̀ pẹ̀lú ẹrẹ̀ lọ́wọ́, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ dárí jì mí."

Ó mú àdá náà nílẹ̀, ó nù ún sára koríko. "Oṣù mẹ́wàá lẹ fi dákẹ́, Dókítà," ó ní. "Ẹ jẹ́ kí èmi náà dákẹ́ díẹ̀." Ó gbé èèpo náà, ó ṣíwájú.

Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, Màmá Tísà gba búrẹ́dì tí ìyàwó mi fi ránṣẹ́, ó sì gbé ìgò àgbo kan lé mi lọ́wọ́, èyí tó kù nínú ilé rẹ̀. "Fún ìyàwó rẹ," ó ní. "Òun kò ṣẹ̀ mí." Mo gbé ìgò yẹn lé itan láti Oǹdó títí dé Àkúrẹ́, n kò jẹ́ kó kan ilẹ̀. Awakọ̀ kejì yìí kì í sọ̀rọ̀, mo sì dúpẹ́.

Ẹ ó bi mí léèrè ohun tí ìrìn yìí kọ́ mi. Mo ti mọ gbogbo nǹkan tí ìwé lè sọ nípa èèpo igi. Ohun tí n kò mọ̀ ni ìdí tí wọ́n fi ní kí ẹni tó bù ú fi ọwọ́ ara rẹ̀ dí i. Mo pè é ní ti àwọn àgbà. Lọ́jọ́ Ajé, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, mo sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọbìnrin tó béèrè ìbéèrè lọ́jọ́ yẹn. Ó dojú bolẹ̀. Ojú ń tì í nítorí mi.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ Sátidé náà ni kí n fi parí rẹ̀. Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tí mo dé Ìsìkan. Ìyàwó mi gba ìgò lọ́wọ́ mi, ó rí erùpẹ̀ lára agbádá mi, ó rí ẹrẹ̀ lábẹ́ èékánná mi. Ó ní, "Ẹ kú àbọ̀. Ṣé wọ́n ti wá mọ ẹni tó pa igi Màmá?"

Mo ní, "Èmi ni."

Kò pariwo. Ó gbé ìgò náà sórí tábìlì, ó fa àga méjì, ó ní kí n jókòó kí n sọ ọ́ fún òun láti ìbẹ̀rẹ̀.